Ọjọ́ Tí Òkú Kọ Sínú Ìwé

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kọkàndínlógún oṣù Kẹta ọdún 2019, òkú tún kọ̀wé sí àwọn alààyè.

Hikmah tan kọ̀ǹpútà. Ó dúró títí ojú rẹ̀ fi mọ́lẹ̀, ó sì sún àga rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan kí Bàbá Oyèdélé lè rí i. Ìwé kan ṣoṣo ló kún ojú kọ̀ǹpútà náà láti òkè délẹ̀. Ọjọ́ òní wà lókè rẹ̀ gàdàgbà. Lábẹ́ rẹ̀ ni wọ́n kọ ọ́ sí pé, "Ẹ gbé fáìlì kànga wá. Ṣé wọ́n ti dáhùn?" Lẹ́tà B kan wà nísàlẹ̀, ìrù rẹ̀ gùn, ó sì ká bí ìrù ọ̀gà.

Ooru ti mú ní Kàdúná láti aago mẹ́sàn-án, síbẹ̀ irun ọwọ́ Oyèdélé dìde. Ó mọ B yẹn. Ọdún mọ́kàndínlógún ló fi gbé fáìlì tí B yẹn wà lára rẹ̀ káàkiri ilé yìí. Ẹni tó ń kọ ọ́, Bádéjọ akọ̀wé, ti kú láti oṣù Kìíní. Wọ́n bá òkú rẹ̀ ní ìdí àtẹ̀gùn tó sọ̀ kalẹ̀ sí yàrá ìwé abẹ́ ilẹ̀, wọ́n sì ti gbé e lọ sin sí Ògbómọ̀ṣọ́.

"Ó di ọ̀sẹ̀ mẹ́ta báyìí, Bàbá," ni Hikmah wí. "Gbogbo ọjọ́ iṣẹ́. Tí mo bá ti tan án, ó máa gbé ìwé tó ní ọjọ́ ọjọ́ náà lára wá. Lánàá, ó ní ká gbé fáìlì ilé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wá. Lọ́jọ́ Jímọ̀, gbólóhùn kan péré ló kọ."

"Kí ló kọ?"

"'Ẹ má jẹ́ kó di ìgbàgbé.'"

Oyèdélé ń wo B náà bí ẹni ń wo ẹni tó jẹ ẹ́ níyà.

Ìwádìí ni wọ́n ń ṣe nínú yàrá náà, Dókítà Tolúwaṣẹ sì ni olórí rẹ̀. Dókítà ní kò yẹ kí yunifásítì máa fi ọ̀sẹ̀ méjì wá ìwé kan nínú ekuru. Wọ́n kó fáìlì ogójì ọdún jọ, wọ́n fi ẹ̀rọ ya àwòrán ojú ewé kọ̀ọ̀kan sínú kọ̀ǹpútà, wọ́n sì kọ́ kọ̀ǹpútà náà bí yóò ṣe máa wá a. Tẹ ọ̀rọ̀ kan, ó máa fa gbogbo ìwé tí ọ̀rọ̀ náà wà nínú rẹ̀ jáde bí ajá ṣe ń fa òkété nínú ihò. Aṣàwárí ni wọ́n sọ ọ́. Ní òròòwúrọ̀, kí ẹnikẹ́ni tó tẹ nǹkan kan, ìwé tó bá ní ọjọ́ òní lára ló máa kọ́kọ́ gbé síta, kí àwọn ọ̀gá lè mọ ohun tó wà nílẹ̀.

Iṣẹ́ Hikmah ni láti máa yẹ àwọn àwòrán náà wò, kó fún wọn lórúkọ. Nítorí náà, orúkọ rẹ̀ ló wà lára gbogbo ìwé òkú yìí nínú kọ̀ǹpútà. Dókítà ní ọmọ náà ló kọ́ ọwọ́ ìkọ̀wé bàbá yẹn, tó ń fi ṣe yẹ̀yẹ́, pé ó sì jí fáìlì tó fi kọ́ ọ. Ní Ọjọ́bọ̀, aago méjì ọ̀sán, ìgbìmọ̀ máa jókòó lé e lórí. Tí wọ́n bá dá a lẹ́bi, wọ́n máa lé e, ìwé ọdún méjì tó ti kọ fún oyè kejì á sì di asán. Ní aago méjìlá Ọjọ́bọ̀ yẹn kan náà, wọ́n fẹ́ dáná sun gbogbo bébà tí wọ́n ti ya àwòrán wọn.

Amudat, ìyá Hikmah, tó ń ta ìborùn ní Rigasa, ló wá bá Oyèdélé ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ní àdúgbò Television, níbi tó ti ń tún ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ṣe. Obìnrin náà kò sunkún. Ó kàn ní, "Wọ́n ní ọmọ mi jí fáìlì." Oyèdélé gbé sípánà àti òòlù rẹ̀ sílẹ̀.

Ìdí wà tí ọ̀rọ̀ yẹn fi gún un. Mẹ́sẹ́ńjà ni òun náà nínú ilé yìí títí di ọdún 2003, nígbà tí fáìlì kan sọnù tí wọ́n ní òun ló jí i. Bádéjọ mọ ẹni tó gbé e. Bádéjọ dákẹ́. Láti ọjọ́ náà, Oyèdélé kò kí i mọ́. Wọ́n máa ń pàdé ní ṣọ́ọ̀ṣì ní Sabon Tasha, á sì gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá bí ẹni gba ẹ̀gbẹ́ òpó kọjá. Ọdún mẹ́rìndínlógún. Ìgbà tí wọ́n ń gbé òkú rẹ̀ lọ sílé, Oyèdélé ní òun kò lè sin ẹni tí òun kì í kí. Ṣùgbọ́n láti ìgbà tí wọ́n ti lé e ló ti bẹ̀rẹ̀ sí í bá àwọn ènìyàn wá ohun tó bá sọnù, láti orí ewúrẹ́ dé orí góòlù ìyàwó, kò sì sí èyí tó wá tì. Ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ ni gbogbo Yorùbá Television ń pè é.

Malam Mahmud, rẹ́jísírà yunifásítì, gbà á láyè. "Toh," ló wí. "Ọlọ́pàá kò gba ẹjọ́ iwin. Ìwọ gbà á. Títí di aago méjì Ọjọ́bọ̀."

*

David, ẹ̀ṣọ́ ẹnu ọ̀nà, jókòó sórí àtẹ̀gùn tó lọ sí abẹ́ ilẹ̀, ṣùgbọ́n kò jókòó ju orí àtẹ̀gùn àkọ́kọ́ lọ. Hausa ni òun àti Oyèdélé jọ sọ.

"Ìwọ lo rí òkú náà?"

"Èmi ni. Òwúrọ̀ ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún. Ó dojú bolẹ̀ níbẹ̀ yẹn. Orí rẹ̀ wà nísàlẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ wà lórí àtẹ̀gùn kẹta."

"Kí ló wà lọ́wọ́ rẹ̀?"

David wò ó. "Ta ló sọ fún yín pé nǹkan wà lọ́wọ́ rẹ̀?"

"Kò sẹ́ni tó sọ ọ́. Mo béèrè ni."

"Okùn fáìlì kan. Èyí aláwọ̀ ewé, tó ní irin ní ẹnu. Ó ti já. Ó dì í mú débi pé ọlọ́pàá méjì ló là á lọ́wọ́. Wọ́n ní àgbàlagbà ni, ó yọ̀ ṣubú."

"Ta ló wá síbí lẹ́yìn aago mẹ́rin ọjọ́ tó ṣáájú rẹ̀, ọjọ́ kẹrìnlá?"

"Kò sí orúkọ kankan nínú ìwé ẹnu ọ̀nà."

"Ṣé gbogbo ènìyàn ló ń kọ orúkọ?"

David rẹ́rìn-ín díẹ̀. "Haba, Baba. Àwa kékeré là ń kọ orúkọ. Àwọn ọ̀gá kàn máa ń ju ọwọ́ sí wa ni."

Oyèdélé dìde láti sọ̀ kalẹ̀. David di aṣọ rẹ̀ mú.

"Ẹ má pẹ́ níbẹ̀. Tí aago mẹ́rin àbọ̀ bá ti lù, wọ́n máa ń lu òǹtẹ̀ nísàlẹ̀. Gbì. Gbì. Bí ìgbà tí bàbá yẹn wà láyé. Mo ti sọ kalẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Ẹnikẹ́ni ò sí níbẹ̀."

*

Najeeb ló kọ́ kọ̀ǹpútà náà bí yóò ṣe máa wá ìwé. Ọmọ Ìlọrin ni, wọ́n bí i sí Kàdúná. Ó gbọ́ Yorùbá dáadáa, ṣùgbọ́n Hausa ló ń fi dáhùn bí inú bá ń bí i, inú sì ń bí i. Òun àti Hikmah ti jà lóṣù tó kọjá. Hikmah sọ níwájú àwọn àlejò pé Aṣàwárí máa ń mú ìwé tí kò yẹ wá.

"Ẹ wá mú mi ni, àbí?" ló wí. "Nítorí pé mo bá a jà?"

"Ta ló lè pa ìwé rẹ́ nínú ẹ̀rọ yẹn?"

"Èmi àti Dókítà. Àwa méjì nìkan la ní ọ̀rọ̀ aṣínà rẹ̀. Hikmah ò ní in."

"Ǹjẹ́ o ti pa nǹkan kan rẹ́?"

"Wallahi, mi ò pa nǹkan kan rẹ́. Ẹ̀rù ń bà mí láti fọwọ́ kan án. Ààfáà kan ní Rigasa ti bá mi gbàdúrà sórí omi, mo sì fi fọ àwọn bọ́tìnnì rẹ̀. Mẹ́ta ò ṣiṣẹ́ mọ́ báyìí."

Oyèdélé fẹ́ rẹ́rìn-ín, ó gbé e mì. "Báwo ni ẹ̀rọ ṣe ń mọ ọjọ́ tí wọ́n kọ ìwé?"

"Ó ń ka ọjọ́ tó bá rí lójú ewé. Ẹ̀rọ mi kì í purọ́, Baba. Ohun tó bá wà níbẹ̀ ló ń kà."

"Báwo ni bébà yẹn ṣe tóbi tó?"

Najeeb na ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì. "Bíi bébà yòókù. Ṣebí ẹ rí i, ó kún ojú kọ̀ǹpútà."

"Ìwọ fúnra rẹ, ṣé o fojú rí bébà náà?"

"Ta ló ń wo bébà? Àwọn òṣìṣẹ́ ọ̀sẹ̀ méjì kan ni wọ́n kó o láti kọ́bọ́ọ̀dù kẹsàn-án, wọ́n ti gba owó wọn, wọ́n ti lọ. Ojú kọ̀ǹpútà nìkan ni èmi àti Hikmah ti ń rí wọn."

Oyèdélé rò ó pé ọ̀dọ́mọkùnrin yìí ní ìbínú, ó sì ní ọ̀rọ̀ aṣínà. Ohun méjì náà tó láti fi dáàmú ọmọbìnrin kan. Ó fi í sọ́kàn bí ẹni fi ẹran sórí ààrò, ó lọ bá ọ̀gá rẹ̀.

*

Dókítà Tolúwaṣẹ fi í sílẹ̀ lórí ìdúró. Yàrá rẹ̀ tutù, àwọn ìwé ẹ̀rí wà lára ògiri nínú gíláàsì.

"Bàbá, mo gbọ́ pé ẹ máa ń wá ewúrẹ́."

"Mo máa ń rí wọn pẹ̀lú, Dókítà."

"Ẹ̀yin kàwé dé ibo?"

"Kíláàsì karùn-ún, ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀."

Dókítà rẹ́rìn-ín. Oyèdélé gba ẹ̀rín náà, ó fi í pamọ́ síbi tó ń kó irú wọn sí.

"Mi ò ní fi yín ṣe ẹlẹ́yà," ni Dókítà wí. "Ọ̀rọ̀ yìí kò le rárá. Iwin kì í kọ̀wé. Ẹ̀yin náà ẹ wò ó: páálí pélébé kan, báírò kan, ta ni kò lè kọ ọ́? Ọmọ yẹn ló ń ṣe é. Ó fẹ́ ba iṣẹ́ mi jẹ́."

"Kí ló dé tí ẹ fẹ́ dáná sun bébà wọ̀nyẹn kí ìgbìmọ̀ tó jókòó?"

"Èkúté àti ikán ló wà nínú wọn. Gbogbo rẹ̀ ti wà nínú kọ̀ǹpútà. Kí la tún ń fi bébà ṣe?" Ó wo aago ọwọ́ rẹ̀. "Tí ẹ bá fẹ́ béèrè nípa ikú bàbá yẹn, mi ò sí nílùú. Mo wọ ọkọ̀ ojú irin àárọ̀ lọ sí Abuja láti Rigasa lọ́jọ́ kẹrìnlá, ọjọ́ kejì ni mo padà."

Oyèdélé dúpẹ́. Ó ti dé ẹnu ọ̀nà kó tó rántí pé òun kò béèrè nípa ikú ẹnikẹ́ni.

*

Nígbà tó padà sọ́dọ̀ Hikmah, aago mẹ́ta ti kọjá. Ọmọbìnrin náà ti kó ìwé rẹ̀ sínú páálí, bí ẹni tó mọ̀ pé òun ń lọ.

"Tú páálí yẹn," ni Oyèdélé wí. "Ọjọ́bọ̀ kò tíì dé. Gbé ìwé òkú yẹn wá."

Ó jókòó. Ó wo ọjọ́, ó wo ọ̀rọ̀, ó wo B. Lẹ́yìn náà ó fi ìwọ̀nyẹn sílẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í wo bébà fúnra rẹ̀. Ní òkè, láàárín, ohun dúdú kan wà tó rí roboto, ó tóbi bí ọmọrí ife tíì.

"Kí nìyí?"

"Ihò ni, Bàbá. Gbogbo wọn ló ní in."

"Gbé fáìlì èyíkéyìí mìíràn wá."

Ó gbé lẹ́tà ọdún 1991 kan wá. Ihò wà lára ìyẹn náà, àwọn ihò tí wọ́n fi irin lu kí okùn lè gbà á kọjá. Wọn kò ju ojú àgbàdo lọ.

Oyèdélé mú ìka rẹ̀, ó gbé e sórí ihò kékeré, ó gbé e sórí ihò ńlá. Irin kan náà ló lu méjèèjì. Òun gan-an ló máa ń lu ihò wọ̀nyẹn láyé ijọ́un, ó mọ irin náà bó ṣe mọ eyín ẹnu rẹ̀. Ihò kan kì í tóbi ju èkejì lọ. Bí ihò bá tóbi báyìí, a jẹ́ pé wọ́n ti fẹ bébà náà ni. Kì í ṣe bébà gígùn rárá. Ohun tí kò tó àtẹ́lẹwọ́ ni kọ̀ǹpútà fẹ̀ títí ó fi dà bí lẹ́tà.

"Àwọ̀ pupa ńkọ́?" ló béèrè. "Ṣé ẹ̀rọ tó ń ya àwòrán ń rí pupa?"

"Rárá. Najeeb yọ pupa kúrò, nítorí òǹtẹ̀ pupa máa ń bo ọ̀rọ̀ mọ́lẹ̀."

Oyèdélé fẹ̀yìn ti àga. "Hikmah, tẹ ọjọ́ ọ̀la."

"Bàbá, ọ̀la ò tíì dé."

"Tẹ̀ ẹ́."

Ó tẹ ogúnjọ́ oṣù Kẹta. Kọ̀ǹpútà náà rò ó fún ìgbà díẹ̀. Ìwé kan yọ. Ogúnjọ́ oṣù Kẹta ló wà lókè rẹ̀, B sì wà nísàlẹ̀. "Ẹ gbé fáìlì ọgbà ẹranko wá."

Hikmah gbé ọwọ́ rẹ̀ kúrò lórí bọ́tìnnì bí ẹni tí iná jó. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í ka nǹkan kan lábẹ́ ẹnu ní èdè Lárúbáwá.

"Tẹ ọjọ́ Jímọ̀."

Ó tẹ̀ ẹ́. Òkú ti kọ̀wé dè wọ́n níbẹ̀ náà.

"Tẹ Ọjọ́bọ̀."

Ojú kọ̀ǹpútà funfun. Kò sí nǹkan kan níbẹ̀. Ó tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kejì, ó ṣì funfun.

"Má bẹ̀rù mọ́," ni Oyèdélé wí, ohùn rẹ̀ sì ti yàtọ̀. "Kò sí iwin níbí. Ìwé ìránnilétí ni. Bí akọ̀wé bá rán lẹ́tà, tí èsì kò ní tètè dé, kì í gbẹ́kẹ̀ lé orí rẹ̀. Ó máa mú páálí pélébé, ó máa fi báírò dúdú kọ ọjọ́ tó fẹ́ kí wọ́n tún gbé fáìlì yẹn jáde sókè rẹ̀. Ọjọ́ tó ń bọ̀ ni, kì í ṣe ọjọ́ tó kọ ọ́. Ọjọ́ tó kọ ọ́ gan-an, pupa ló máa ń fi kọ ìyẹn sísàlẹ̀. Ó máa fi ihò yẹn gbé e kọ́ sórí irin gígùn. Ní àràárọ̀, èmi mẹ́sẹ́ńjà á yọ ti ọjọ́ náà, mà á lọ gbé fáìlì. Kò sí Dókítà kan tó béèrè lọ́wọ́ wa rí bá a ṣe ń ṣe é. Wọ́n ṣe ìwádìí nípa ìwé, wọn ò bi àwọn tó ń tọ́jú ìwé."

Hikmah tún wo ojú kọ̀ǹpútà tó funfun náà. "Nígbà náà, ta ló yọ ti Ọjọ́bọ̀?"

"Ẹni tí ti Ọjọ́bọ̀ ń bá wí. Ó tẹ orúkọ ara rẹ̀ lọ́jọ́ kan, ẹ̀rọ yín sì gbé e fún un. Ó yọ ọ́. Ṣùgbọ́n bébà rẹ̀ ṣì wà nínú àpò kan nísàlẹ̀, òun kò sì lè tú gbogbo àpò. Ó sàn fún un kó dáná sun gbogbo rẹ̀, kó sì pè ọ́ ní òpùrọ́ kí ẹnikẹ́ni má baà lọ wo ibi tí wọ́n ti wá."

"Najeeb tàbí Dókítà."

"Najeeb na ọwọ́ méjèèjì nígbà tí mo bi í bí bébà ṣe tóbi tó. Ojú kọ̀ǹpútà nìkan lòun náà ti rí i." Oyèdélé dìde. "Ẹnì kan wà tó pè é ní páálí pélébé fún mi lónìí. Níbo ló ti rí i?"

*

Àpò mẹ́tàlélọ́gọ́ta ló wà nísàlẹ̀. Láti òwúrọ̀ Ọjọ́rú ni Oyèdélé àti Hikmah ti ń tú wọn. Ìmọ́lẹ̀ kékeré kan ń gba ojú fèrèsé tó wà lókè wọlé, ekuru ń rìn nínú rẹ̀. Ní ọ̀sán, David yọjú láti orí àtẹ̀gùn.

"Baba, Dókítà ní ká kó àpò síta ní òwúrọ̀ ọ̀la, ká má dúró di ọ̀sán mọ́."

"A gbọ́."

Oyèdélé fi àpò sílẹ̀, ó lọ síbi tí wọ́n to fáìlì àwọn òṣìṣẹ́ sí, nítorí ohun kan ń jẹ ẹ́ lọ́kàn láti àná. Okùn aláwọ̀ ewé ni gbogbo fáìlì àtijọ́ ilé náà ń lò, irú èyí tó já mọ́ òkú lọ́wọ́. Ó fi ìka gba ara wọn kọjá, ọ̀kan tẹ̀ lé ọ̀kan, ewé, ewé, ewé. Ní nọ́ńbà 217, ìka rẹ̀ dúró. Okùn bàtà funfun ni wọ́n fi so ìyẹn. Ó ka orúkọ ẹni tó ni fáìlì náà. Ó ṣí i. Ojú ewé kejìlélógójì ni ó parí sí.

"Bàbá," ni Hikmah pè láti ẹ̀yìn. "Mo rí wọn."

Páálí pélébé ni, wọ́n ti fi wáyà gbà wọ́n nínú ihò, ọgọ́rọ̀ọ̀rún wọn. Ó ń ṣí wọn, ó ń ka ọjọ́. Ogúnjọ́. Ọjọ́ kọkànlélógún. Ó kà á, ó kà á lẹ́ẹ̀kejì, ó sì fi ọwọ́ bo ẹnu.

Ìgbà yẹn ni wọ́n gbọ́ ọ, láti ẹ̀yìn kọ́bọ́ọ̀dù kẹsàn-án. Gbì. Ó dákẹ́. Gbì.

Hikmah di apá rẹ̀ mú. Aago mẹ́rin àbọ̀ ni. Oyèdélé lọ wo ẹ̀yìn kọ́bọ́ọ̀dù náà. Tábìlì Bádéjọ wà níbẹ̀, òǹtẹ̀ rẹ̀ wà lórí rẹ̀ nínú ekuru, ekuru náà sì tẹ́jú, kò sí ọwọ́ tó kàn án. Oyèdélé wo àga òfìfo náà fún ìgbà pípẹ́. Kò kí i. Ó kó ìdì páálí náà, ó mú ọmọbìnrin náà lọ́wọ́, wọ́n gòkè.

*

Gbogbo Ọjọ́bọ̀ ni Malam Mahmud máa ń jókòó gbọ́ ẹjọ́. Àwọn mẹ́ta ló jókòó pẹ̀lú rẹ̀. Amudat wà ní ẹnu ọ̀nà, ó fi ìborùn bo ojú ku díẹ̀. Dókítà Tolúwaṣẹ sọ ọ̀rọ̀ tirẹ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ó dára, ó dùn gbọ́. Àpò ti jóná níta, èéfín rẹ̀ ń gba ojú fèrèsé wọlé.

Oyèdélé dìde. Ó ṣàlàyé ìwé ìránnilétí fún wọn bó ṣe ṣàlàyé rẹ̀ fún Hikmah. Malam Mahmud bẹ̀rẹ̀ sí í mi orí kó tó ṣe ìdajì. "Mo mọ̀ ọ́n," ló wí. "Bádéjọ máa ń gbé wọn wá fún mi. Mo ti gbàgbé. Kí ló dé tí mo gbàgbé?"

"Nítorí ẹni tó ń rán yín létí ti kú, sà. Dókítà, ẹ jọ̀ọ́, ọjọ́ kẹrìnlá oṣù Kìíní, níbo lẹ wà?"

"Mo ti sọ fún yín. Abuja. Láti àárọ̀."

Oyèdélé yọ páálí kan nínú àpò aṣọ rẹ̀, ó tẹ́ ẹ síwájú Malam Mahmud. Ó kà á sókè, nítorí ó ti mọ̀ ọ́n lórí.

"Ọjọ́ kọkànlélógún oṣù Kẹta. Fáìlì 217, ojú ewé kẹtàlélógójì. Ilé ẹ̀kọ́ òkè òkun ní àwọn kò mọ Dókítà Tolúwaṣẹ, pé èsì ìkẹyìn máa dé kó tó di ọjọ́ òkè yìí. Dókítà wá sọ́dọ̀ mi ní aago mẹ́rin àbọ̀ lónìí, ó ní kí n kó fáìlì náà fún òun. Mo kọ̀ fún un. Ó ṣì dúró níwájú mi bí mo ṣe ń kọ èyí. B." Oyèdélé fi ìka kan ìsàlẹ̀ rẹ̀. "Ẹ wo ọjọ́ tó wà níbẹ̀, sà, èyí tí kọ̀ǹpútà kò rí."

Pupa ni. Ọjọ́ kẹrìnlá oṣù Kìíní.

"Ọmọ yìí ló kọ ọ́," ni Dókítà wí.

"Ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ojú ewé kẹtàlélógójì kò sí nínú fáìlì yín mọ́, okùn bàtà ni wọ́n sì fi so ó, nítorí pé okùn rẹ̀ já. Okùn tó já wà ní àgọ́ ọlọ́pàá. Ọwọ́ òkú ni wọ́n ti gbà á."

"Mi ò tì í," ni Dókítà Tolúwaṣẹ wí. "Fáìlì ni mo fà. Òun ni kò fi sílẹ̀."

Èéfín ń wọlé díẹ̀díẹ̀.

"Kò sẹ́ni tó sọ pé wọ́n tì í," ni Malam Mahmud wí pẹ̀lẹ́.

Ó dìde, ó lọ sídìí tábìlì rẹ̀, níbi tí lẹ́tà oṣù méjì ti ga bí ilé ikán láti ìgbà tí kò ti sí ẹni tó ń tò wọ́n. Ó tú wọn títí ó fi rí àpòòwé kan tó ní òǹtẹ̀ òkè òkun. Kò tíì sí ẹni tó ṣí i. Ó já a, ó kà á, ó sì yọ awò ojú rẹ̀.

"Wọn kò fún un ní oyè kankan rí. Ẹ pe ọlọ́pàá," ló wí. "Hikmah, jókòó. Kò sí ẹjọ́ lọ́rùn rẹ mọ́."

Ní ẹnu ọ̀nà, Amudat rọra jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀.

*

Ní ìrọ̀lẹ́, lẹ́yìn tí ọkọ̀ ọlọ́pàá ti lọ, Hikmah padà sídìí kọ̀ǹpútà.

"Bàbá, ó ń ṣe mí bíi kí n mọ ibi tó kọ̀wé dé. Ọjọ́ ìkẹyìn tó wà nínú ẹ̀rọ."

Ó tẹ̀ ẹ́. Ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n oṣù Kẹfà, ọdún 2019. Ọ̀rọ̀ náà pọ̀ ju ti ìyókù lọ, ó sì kà á jáde kó tó mọ ohun tó ń kà.

"Ọjọ́ ìfẹ̀yìntì mi. Wọn ò lè lé mi mọ́. Kí n dá kọ́kọ́rọ́ padà. Kí n sọ ẹni tó gbé fáìlì ọdún 2003 fún rẹ́jísírà. Kí n lọ bẹ Oyèdélé. B."

Hikmah kò bojú wẹ̀yìn.

Oyèdélé mú ìdì páálí náà lórí tábìlì, ó ṣí i dé ti ìkẹyìn. Páálí náà ti gbó, etí rẹ̀ ti pọ́n. Ó gbé e sún mọ́ ojú rẹ̀ kó lè rí èyí tí ẹ̀rọ kò rí. Pupa rẹ̀ ti ń ṣá: ọjọ́ kẹsàn-án oṣù Kẹfà ọdún 2003. Ọjọ́ kẹta lẹ́yìn ọjọ́ tí wọ́n lé e.

Ọdún mẹ́rìndínlógún ni ẹ̀bẹ̀ náà ti ń rọ̀ lórí irin, tó ń dúró de ọjọ́ rẹ̀.

"Ṣé kí n tẹ̀ ẹ́ jáde fún yín, Bàbá?"

Oyèdélé dá páálí náà padà sórí wáyà, ó so ó. "Rárá. Ọjọ́ rẹ̀ kò tíì pé. Jẹ́ kó wà níbẹ̀. Ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n oṣù Kẹfà, tan ẹ̀rọ yìí ní òwúrọ̀, kó gbé e wá fúnra rẹ̀. N óò wà lórí àga yìí."

Ó kọjá lórí àtẹ̀gùn abẹ́ ilẹ̀ bó ṣe ń lọ sílé. Aago mẹ́rin àbọ̀ ti kọjá tipẹ́. Síbẹ̀ ó gbọ́ ọ nísàlẹ̀, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo. Gbì.

Ó dúró. David, tó wà ní ẹnu ọ̀nà, rí i pé ó tẹ̀ síwájú sórí àtẹ̀gùn, ó sì gbọ́ tó ń bá òkùnkùn sọ̀rọ̀.

"Mo ti rí i, Bádéjọ," ni Oyèdélé wí. "Ó dọjọ́ náà."

Ìyẹn ni ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tó bá a sọ láti ọdún 2003.